Ìbọn Mélòó Ni Wọ́n Ń Yìn Fún Ọba Yìí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọba Íńdíà Àti Ààfin Wọn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọba Íńdíà, àwọn Maharaja, àwọn Nawab àti Nizam, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ wọn báyìí, dáyámọ́ńdì àti erin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A máa dé ibẹ̀. Àmọ́ ìbọn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, tí ọba kan bá dé ìlú tàbí tó bá wá síbi ayẹyẹ ìjọba, wọ́n á yin àgbá fún un láti fi bu ọlá fún un, iye ìgbà tí àgbá yẹn bá sì dún lèèyàn fi máa mọ irú ọba tó jẹ́. Ẹni tó ga jù, 21. Ẹni tó tẹ̀lé e, 19, lẹ́yìn náà 17, 15, 13, 11, títí dé 9. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi máa kógbá sílé, ọba márùn-ún péré ló ní 21: ti Hyderabad, ti Mysore, ti Baroda, ti Gwalior àti ti Kashmir. Àwọn ìlú ọba tó wà nígbà náà lé ní 550 o, nǹkan bíi 120 nínú wọn ni wọ́n ń yìnbọn fún, àwọn tó kù, kò sí gbì kankan tó dún fún wọn. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mí. Viceroy, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n rán wá láti Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gba owó oṣù, 31 ni wọ́n ń yìn fún òun. Nizam ti Hyderabad tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo erékùṣù Bìrìtéènì lọ díẹ̀, tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń jọba láti 1724, òṣìṣẹ́ yẹn fi ìbọn mẹ́wàá jù ú lọ. Ìbọn yẹn náà ni wọ́n fi ń bá ọba wí, torí ìjọba lè fi kún un, ó sì lè yọ nínú ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwà ọba náà bá ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí nìyẹn. Ọba tí wọ́n gba ogun lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá fi adé àti ariwo ìbọn sílẹ̀ fún un, kí ló wá fi ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe? Ìdáhùn ò dọ́gba rárá, láti ààfin kan sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí wọ́n ṣe mú wọn. Láti 1798, Hyderabad ló kọ́kọ́ ṣe é, ọba á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn ṣọ́jà East India Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba ilẹ̀ Íńdíà, lá máa ṣọ́ òun, òun lá sì máa sanwó wọn, òun ò ní bá ọba míì jagun, òun ò ní ránṣẹ́ sí ìjọba míì láìgba àṣẹ, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á sì wá máa gbé nítòsí ààfin. Tí owó ṣọ́jà ò bá wá yọ, ilẹ̀ ni wọ́n máa gbà dípò, bí Berar, ilẹ̀ òwú tó lọ́ràá, ṣe kúrò lọ́wọ́ Nizam ní 1853 nìyẹn. Tipu Sultan tó ń jọba ní Mysore kò gbà, ojú ogun ló kú sí ní Srirangapatna ní 1799, wọ́n sì gbé ọmọ ọdún márùn-ún kan láti ìdílé Wadiyar, ìdílé ọba àtijọ́, gorí ìtẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó di 1848, Dalhousie, gómìnà àgbà Company, dé, ó ní ọba tí ò bá ní ọmọkùnrin, ọmọ tó gbà tọ́ ò lè jogún ìtẹ́, Company ló máa jogún ẹ̀. Satara lọ, Nagpur lọ, Jhansi lọ. Lakshmibai, opó ọba Jhansi, kò gbà kí wọ́n gba ìlú mọ́ ọmọ tí ọkọ rẹ̀ gbà tọ́ lọ́wọ́, ó gun ẹṣin lọ sójú ogun, ó sì kú nítòsí Gwalior ní osù kẹfà 1858. Ọ̀tẹ̀ ńlá tí àwọn ṣọ́jà Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní 1857, tí Lakshmibai kú sínú ẹ̀ yẹn, ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́gbọ́n. Wọ́n rí i pé àwọn ọba tí wọ́n ò tíì yọ lóyè ni kò jẹ́ kí iná náà jó gbogbo ilẹ̀, ni Ọbabìnrin Victoria bá kéde ní 1858 pé àwọn ò ní gbalẹ̀ ọba kankan mọ́. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún ilẹ̀ Íńdíà fi wà lábẹ́ àwọn ọba títí di 1947.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Ọdún 1858 yẹn náà ni wọ́n bí ọmọ kan sí Madras ní Íńdíà, Frederick Lugard lorúkọ ẹ̀. Ó ṣe ṣọ́jà ní Íńdíà kó tó wá sí Áfíríkà, òun náà ló sì wá di gómìnà tó da Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Ọgbọ́n kí wọ́n má yọ ọba, kí wọ́n kàn fi ajẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ọba máa pàṣẹ kí ajẹ́lẹ̀ máa sọ ohun tí àṣẹ náà máa jẹ́, wọ́n ti fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dán an wò ní Íńdíà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ìtàn Aláàfin Ládìgbòlù àti Kápútẹ́ẹ̀nì Ross l'Ọ́yọ̀ọ́ á mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn àlejò ni mo ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ Baroda, ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà.

Ní 1875 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ ọba Baroda, Malhar Rao, lóyè. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fẹ́ fi májèlé pa ajẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ò fẹnu kò lórí ẹ̀, wọ́n ṣáà yọ ọ́, wọ́n ní ìjọba rẹ̀ ò dáa. Nínáwó ní tòótọ́ ò sí bí tiẹ̀, ẹni tó fi wúrà rọ àgbá nìyẹn, torí pé ọba tó ṣáájú ẹ̀ ti fi fàdákà rọ tiẹ̀. Olorì opó ọba tó ṣáájú, Jamnabai, ni wọ́n wá ní kó wá ọmọ kan gbà ṣọmọ nínú ẹbí. Wọ́n mú àwọn ọmọdékùnrin wá láti abúlé Kavlana, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Gopalrao, ọmọ ọdún méjìlá, kò mọ ìwé kà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Baroda ni pé wọ́n bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, àwọn tó kù ò rí nǹkan gidi sọ, Gopalrao ní òun wá jọba ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Sayajirao, ó sì jọba títí di 1939.

Ọmọ tí ò mọ ìwé kà yẹn ló wá sọ ọ́ di dandan ní 1906 pé gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ní gbogbo ilẹ̀ Baroda gbọ́dọ̀ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ pé àwọn wá la Íńdíà lójú, wọn ò ṣe é níbi tí àwọn fúnra wọn ń ṣàkóso o. Nígbà tó di 1910 ó mú ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Borden wá láti Amẹ́ríkà kó wá ṣètò láíbìrì kárí ìlú àti abúlé, abúlé tí láíbìrì ò bá sì sí, wọ́n á to ìwé sínú àpótí, wọ́n á gbé e lọ bá wọn, tí wọ́n bá kà á tán wọ́n á gba òmíràn. Mi ò lè ronú kan àpótí ìwé yẹn kí inú mi má dùn, ìwé tó ń rìn lọ bá àgbẹ̀ nílé ẹ̀. Ọba náà gbé nínú ọlá o, ẹ má rò pé ó ń jìyà kiri, ààfin Laxmi Vilas tí wọ́n parí fún un ní 1890 wà lára àwọn ilé tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni ń gbé lásìkò yẹn. Àmọ́ ó mọ̀ pé àwọn tó ń sanwó orí ló sanwó ilé náà.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1911, Ọba George Karùn-ún wá sí Delhi, wọ́n ṣe ayẹyẹ ńlá, gbogbo ọba Íńdíà ní láti wá tẹríba níwájú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ ni kí ọba wọ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, kó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì máa fẹ̀yìn rìn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa kọ sí ọba òyìnbó. Sayajirao wọ aṣọ funfun tí ò ní ariwo, ó mú ọ̀pá dání, ó tẹríba lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà, ó sì rìn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí! Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù bínú débi pé ó ní láti kọ lẹ́tà pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Wọ́n yà á sí fíìmù, ó sì wà títí dòní. Ní tèmi, mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀.

Ọba yẹn náà ló rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York ní 1913. B. R. Ambedkar ni, ọmọ Mahar, àwọn tí àwọn Híńdù tó kù ń pè ní ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn, ní sùkúù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ bu omi mu. Àdéhùn ni pé tó bá kàwé tán á wá ṣiṣẹ́ fún Baroda, nígbà tó sì di 1917 ó dé. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń ju fáìlì sí i láti òkèèrè kí ọwọ́ wọn má bàa kan tiẹ̀. Kò rí ẹni tó máa fún un ní yàrá ní gbogbo ìlú, ló bá lọ fi orúkọ àwọn Parsi, ẹlẹ́sìn kan tó ti Páṣíà wá, gba ibùsùn nílé àlejò wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kó igi dání wá lé e síta. Ó jókòó sínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ó ń sunkún, títí rélùwéè alẹ́ fi dé tó gbé e padà sí Bombay. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ibi yẹn láìmọye ìgbà, kò yé dùn mí. Ọba tó lágbára láti rán an kọjá òkun méjì ò lágbára láti rí yàrá kan fún un nínú ìlú tí òun ń jọba lé lórí. Ẹ fi orúkọ Ambedkar yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ààfin ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jodhpur, lẹ́bàá aṣálẹ̀. Láàárín 1920 sí 1929 ọ̀dá dá wọn níbẹ̀ léraléra, ohun ọ̀gbìn gbẹ, àwọn àgbẹ̀ lọ sọ fún Maharaja Umaid Singh pé ebi ń pa àwọn. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n wá kọ́ ààfin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1929, wọ́n parí ní 1943, nǹkan bí 2,000 sí 3,000 èèyàn ló ń rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀, ilé náà ní yàrá 347, òkúta aláwọ̀ wúrà ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n tò kí wọ́n lè há mọ́ ara wọn. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni, ó fún èèyàn níṣẹ́ láìsọ wọ́n di alágbe. Àwọn kan ní tó bá jẹ́ pé omi ni ìṣòro, kí ló dé tí kò fi gbogbo òógùn yẹn wá omi? Èmi gbà pé ó gba ẹ̀mí là, ìyẹn ò kúrò ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá pọ̀ lórí ilé ẹnì kan. Òun fúnra ẹ̀ kú ní oṣù kẹfà 1947, ọdún mẹ́rin péré ló gbé inú ẹ̀.

Ní Jodhpur yẹn náà, odi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Mehrangarh wà lórí àpáta, Rao Jodha ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1459. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnubodè tó gbẹ̀yìn, Loha Pol, ẹ máa rí àmì àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri, kéékèèké. Ọwọ́ àwọn ìyàwó ọba ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ bá òkú ọkọ wọn wọ iná, lára wọn ni àwọn ìyàwó Maharaja Man Singh tó kú ní 1843. Àwọn èèyàn ṣì máa ń fi òdòdó síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ròyìn ẹwà ààfin Rajasthan fún yín, ẹ ní kó sọ ti ọwọ́ yẹn náà. Àti Hawa Mahal ní Jaipur tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, tí Sawai Pratap Singh kọ́ ní 1799, fèrèsé 953 tó wà lára ẹ̀, wọ́n ṣe é kí àwọn obìnrin ààfin lè máa yọjú wo ìgboro ni, kí ẹnikẹ́ni má sì rí wọn.

Síbẹ̀ Bhopal wà. Ní 1819 ọba ibẹ̀ kú lójijì, ìyàwó ẹ̀, Qudsia, kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, ó jáde síwájú àwọn ọkùnrin ẹbí, ó ní ọmọbìnrin òun tó ṣì wà lẹ́nu ọmú ló máa jogún ìtẹ́, òun á sì máa ṣe adelé títí á fi dàgbà. Obìnrin Mùsùlùmí mẹ́rin ló tẹ̀ lé ara wọn báyìí, Qudsia, Sikandar, Shah Jahan, Sultan Jahan, títí di 1926, yàtọ̀ sí ọdún mélòó kan tí ọkọ Sikandar fi gbà á. Sikandar máa ń gun ẹṣin, ó sì bọ́ ìbòjú. Sultan Jahan ló di olórí àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Aligarh ní 1920. Ìbọn 19 ni wọ́n ń yìn fún wọn.

Ní Mysore náà, adelé obìnrin ló ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù. Àwa náà máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ẹ wá wò ó bó ṣe ṣẹ: ní 1897, nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó ọmọ ọba lọ́wọ́, ààfin onígi jóná. Ìyá ọba, Kempananjammanni, ló ń ṣe adelé torí ọmọ ẹ̀ ò tíì tó jọba, òun ló gbé ayàwòrán-ilé Henry Irwin dìde, wọ́n parí òmíràn ní 1912, òkúta ni, òun náà ló wà níbẹ̀ di òní. Lábẹ́ ìjọba obìnrin yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tó ń já láti orí àpáta ní Shivanasamudra ṣe iná mànàmáná ní 1902. Nígbà tó di 1905, iná ti dé títì Bangalore. Ilẹ̀ tó tó 371 éékà ni Mysore yọ̀ǹda fún ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Bangalore. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Bangalore ni olú-ìlú kọ̀ǹpútà ní Íńdíà lónìí, gbòǹgbò ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀.

Dáyámọ́ńdì tí mo ṣèlérí náà nìyí, kò ní pẹ́. Bhupinder Singh, ọba Patiala, gbé òkúta fún Cartier, àwọn oníṣọ̀nà ohun ọ̀ṣọ́ ní Paris, wọ́n fi dáyámọ́ńdì 2,930 ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún un ní 1928. Nizam keje ti Hyderabad, Mir Osman Ali Khan, tí ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà gbé sí iwájú ìwé ẹ̀ ní 1937 pé òun ló lówó jù láyé, dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń pè ní Jacob, inú bàtà bàbá ẹ̀ ló ti rí i, ó wá ń fi í tẹ bébà kí atẹ́gùn má gbé e. Àmọ́ ohun tí mo fi ń rántí Nizam ni pé ó dá Yunifásítì Osmania sílẹ̀ ní 1918, ó sì ní èdè Urdu ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn, ìmọ̀ ìṣègùn, sáyẹ́ǹsì, òfin, gbogbo ẹ̀. Ọ́fíìsì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa túmọ̀ ìwé kí wọ́n sì máa wá ọ̀rọ̀ tuntun. Àwa tá a ṣì ń bá ara wa jiyàn bóyá èdè wa lè gbé sáyẹ́ǹsì, ọba kan ti náwó lé e lórí láti 1918.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1947, Patel, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọba, àti akọ̀wé ẹ̀ V. P. Menon ń ti ọ̀dọ̀ ọba kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òun ìfìwéránṣẹ́ fún Íńdíà. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Hyderabad kọ̀, àwọn ọmọ ogun Íńdíà wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1948, láàárín ọjọ́ márùn-ún ó ti parí, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ta sílẹ̀. Wọ́n ṣèlérí owó ọdọọdún fún àwọn ọba, ti Mysore jẹ́ rúpìì 2,600,000, ọba Katodiah tó kéré jù ń gba 192 lọ́dún. Ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n kọ ìlérí yẹn sí, ẹ sì mọ ẹni tó jẹ́ alága àwọn tó kọ ìwé òfin náà? Ambedkar, ẹni tí wọ́n lé síta ní Baroda. Ìlérí náà ò pẹ́ ju ogún ọdún lé díẹ̀ lọ, Indira Gandhi fagi lé e ní 1971, ó gba owó, ó gba oyè. Maharana Udaipur ti rí i tẹ́lẹ̀, ó ti sọ ààfin àárín omi rẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì láti 1963. Ní Mysore, gàárì wúrà orí erin tí ọba máa ń jókòó lé níbi ọdún Dasara, òrìṣà Chamundeshwari ni wọ́n ń gbé gun orí ẹ̀ báyìí, tí gílóòbù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 sì máa ń tàn lára ààfin.

Kí n tó jókòó, ìlú kan ṣì kù, kékeré ni, Maihar ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Ọba ibẹ̀, Brijnath Singh, gba olórin kan sí ààfin, Allauddin Khan, òun ló wá kọ́ Ravi Shankar, olórin tí òkìkí ẹ̀ kàn káyé, ní sitar, ohun èlò orin olókùn. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 pa èèyàn rẹpẹtẹ, Allauddin kó àwọn ọmọ òrukàn jọ, ó ń kọ́ wọn lórin, nígbà tó sì wá irin tó máa dún bó ṣe fẹ́, ẹnu ìbọn ló gé, gígùn àti kúkúrú, ó tò wọ́n sílẹ̀ bí agogo, wọ́n ń fi ọ̀pá lù ú. Wọ́n ṣì ń lù ú ní Maihar.